Bí ọkọ̀ ò bá dájú: ọmọ tó ní ọ́tísìmù àti ìpinnu ṣíṣe

Mọ́mì tó béèrè ìdí tí ọmọ rẹ̀ tó ní ọ́tísìmù (ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn) fi máa ń dúró gbagidi ní gáréèjì Ìkòròdú, agídí kọ́ nìyẹn o. Kọ̀ńdọ́ ń pe "Mile 12, Kétu!", owó ọkọ̀ ti yàtọ̀ sí tàná, BRT (bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ọ̀nà tirẹ̀) ò sì tíì dé. Àìmọ ohun tó ń bọ̀ ló dẹ́rù bà á.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ ya káàdì méjì. Ìkíní: "BRT la máa wọ̀." Ìkejì: "Bí a bá dúró fún 20 ìṣẹ́jú tí kò dé, dáńfó la máa wọ̀." Ẹ má kọ "bóyá" sí i rárá. Ibi tó ti ń bàjẹ́ rèé: òbí á ya ìkíní, á gbàgbé ìkejì. Lọ́jọ́ tí BRT bá pẹ́, káàdì ti pa irọ́ lójú ọmọ nìyẹn, kò sì ní gbà á gbọ́ mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kó yan nǹkan, méjì péré ni kí ẹ nà sí i, kí ẹ bi í pé èwo ló fẹ́, kí ẹ wá ka ení dé ẹ̀wá sínú. Ẹ má pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìbéèrè yẹn, torí á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó látìbẹ̀rẹ̀ ni.

— Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Họ́mọ̀nù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Cortisol ni, èyí tí ẹ̀yà ara kékeré tó wà lórí kíndìnrín máa ń tú jáde bí ìpayà bá dé. Bí ìpayà bá ṣẹlẹ̀, ó máa ń tó 20 sí 30 ìṣẹ́jú kó tó dé góńgó nínú itọ́. Ọmọ lè ti dákẹ́ ẹkún tí ara rẹ̀ ṣì wà nínú ìpayà. Ẹ má bi í pé "ṣé ká lọ àbí ká padà?" nígbà yẹn. Ẹ mú un kúrò nínú ariwo, ẹ fún un lómi, ẹ jẹ́ kó jókòó pẹ́.

Ti oxytocin, họ́mọ̀nù mìíràn tí wọ́n ń fín símú pé ó ń ran ìbáṣepọ̀ lọ́wọ́, ńkọ́? Wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà lára ọmọ 290, ọlọ́dún 3 sí 17, fún ọ̀sẹ̀ 24. Èsì tó jáde ní 2021 ni pé kò ran ìbáṣepọ̀ wọn lọ́wọ́ ju èyí tí kò ní òògùn nínú lọ. Ẹ tọ́jú owó yín, ẹ jọ̀ọ́.

— Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí àwọn tó ní ọ́tísìmù ti dáa jù wá lọ náà. Ìwádìí kan ní London, 2008, rí i pé nípa owó kan náà, bóyá wọ́n ní "èyí ló máa kù sí ọ lọ́wọ́" tàbí "èyí lo máa pàdánù", kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ìpinnu àgbàlagbà tó ní ọ́tísìmù padà, bó ṣe ń yí tiwa. Nítorí náà ní ọjà Sábó, bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tó ní ọ́tísìmù yan bàtà, ẹ má fi "ó ti ń tán lọ o" kán an lójú. Ẹ kọ iye owó méjèèjì sórí ìwé, kí ẹ gbé e fún un.