"Ilé ọkọ" kọ́ ni wọ́n ń lọ o: ọ̀rọ̀ lórí ọ̀wẹ̀ àna àti àgọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ka ìtumọ̀ sí Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lánàá nípa ìgbéyàwó àwọn Ju/'hoansi, àwọn tó ń ṣọdẹ tí wọ́n sì ń ṣa èso jẹ látayébáyé ní aṣálẹ̀ Kalahari, lẹ́bàá ibodè Botswana àti Namibia. Iṣẹ́ ńlá ni sà. Àmọ́ ibi tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ pé ọmọbìnrin á "kúrò ní ìdílé rẹ̀ lọ sílé ọkọ", mi ò lè kọjá níbẹ̀, torí òdìkejì ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ọdẹ gbé ayé. Ọkọ ló ń kó lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí ìyàwó, á máa gbé ibẹ̀, á máa ṣọdẹ, á máa fún àwọn àna ẹ̀ lẹ́ran, ọdún mélòó kan ni o, wọ́n á ti bímọ bíi mẹ́ta kí wọ́n tó máa sọ ọ́ bóyá káwọn padà sọ́dọ̀ èèyàn ọkọ àbí káwọn kúkú jókòó. Mo mọ̀ pé èdè wa ló tì yín síbẹ̀, téèyàn bá ti ní ìgbéyàwó, ilé ọkọ ti wà lẹ́nu.

Kí la máa wá pe iṣẹ́ tí ọkọ ń ṣe yẹn? Ẹnì kan dábàá "sin àna". Ẹ kà á sókè kẹ́ ẹ gbọ́: "sìn" tó bá ti kan orúkọ, ohùn ẹ̀ á gòkè, òun àti "sin" tí à ń sin òkú á wá dọ́gba. Èmi fara mọ́ ọ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ tiwa ni, ọ̀wẹ̀ làwọn bàbá wa ń bẹ̀ láti lọ kọ ebè lóko àna. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọ̀wẹ̀ tiwa, èèyàn á kó àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ, wọ́n á ṣiṣẹ́, wọ́n á jẹun, wọ́n á relé. Ti Ju/'hoansi, ọkọ ò relé. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní ká pè é ní "ọ̀wẹ̀ àgbélé".

"Ìdílé" tẹ́ ẹ lò fún àwọn tó jọ ń gbé yẹn gan-an ló dùn mí jù. Ìwádìí kan wà tí Kim Hill, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá èèyàn, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé jáde ní 2011, àwùjọ 32 tó ń ṣọdẹ, tó ń ṣa èso jẹ, ni wọ́n wò, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó jọ ń gbé ò bá ara wọn tan nípa ẹ̀jẹ̀, ọkùnrin lè ṣí kúrò, obìnrin lè ṣí kúrò, ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin àti àbúrò ẹ̀ obìnrin sì lè jọ wà tọkọtaya tọkọtaya. Ṣé ìdílé nìyẹn? Ẹ wo àwọn Hadza, àwọn ọlọ́dẹ bẹ́ẹ̀ náà ní Tanzania, lẹ́bàá adágún Eyasi, nǹkan bí 30 èèyàn ló máa ń wà lójú kan. Ẹ yọ ọmọdé, ẹ yọ àgbàlagbà, ẹ yọ ẹni tó ti ní ọkọ tàbí ìyàwó, ẹ yọ ọmọ ìyá, ta ló kù téèyàn á fẹ́? Ti Ju/'hoansi tún le sí i, ọkùnrin ò gbọ́dọ̀ fẹ́ obìnrin tó ń jẹ́ orúkọ ìyá ẹ̀ tàbí ti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹ̀ obìnrin, bí wọn ò tiẹ̀ bára tan rárá, orúkọ wọn ò sì pọ̀. Nítorí náà, nígbà yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ máa rìn, kí wọ́n máa kí ara wọn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá gbẹ, àwọn púpọ̀ á kó jọ sídìí ibi tómi ṣì wà, ibẹ̀ lojú ti ń rójú.

Àbúrò wa ní ká lo "abà" dípò "ìdílé". Ó sún mọ́ ọn, torí abà náà máa ń kó onírúurú èèyàn jọ, àmọ́ ará abà nílé nígboro, ilé yẹn ló ń padà sí lọ́jọ́ ọdún. Àwọn wọ̀nyí, ibi tí wọ́n wà yẹn nilé. "Àgọ́" lèmi máa mú, "ará àgọ́", bó tiẹ̀ ń jọ ti sójà létí àwọn kan, torí àgọ́ ṣe é tú, ó ṣe é pa síbòmíì, ẹni tó wà nínú ẹ̀ lónìí lè máà sí níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin ará Èkìtì, Ìgbómìnà, Kétu, ẹ jọ̀ọ́, ṣé orúkọ kan wà lọ́dọ̀ yín fún ọkọ tó ń gbé nílé àna, tí kì í ṣe orúkọ èébú? Mo ti bi àwọn àgbà ilé wa, èébú nìkan ni wọ́n rí sọ.