Owó-bodè àrìnsan: èrò mi lórí orúkọ tí a ń wá

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àpilẹ̀kọ tí a fẹ́ kọ sínú Wikipedia Yorùbá, nípa ètò tí ọkọ̀ fi ń sanwó ọ̀nà láìjẹ́ pé awakọ̀ na owó sí ẹnikẹ́ni, kò tíì lórúkọ. Orúkọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ olùkọ́ mú "ètò ìgbowó ojú pópó abánáṣiṣẹ́" wá. Àbúrò wa kan ní ká kúkú kọ ọ́ ní "tógéètì orí ayélujára," ká sinmi. Èmi náà mú "owó-bodè àsankọjá" wá, mo sì fẹ́ yí ohùn padà lórí ìdajì rẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ dá àbúrò wa lóhùn. Tógéètì kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni báyìí, kò sí kọ̀ndọ́ tí kò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ó ti di orúkọ ibùdókọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba Ọbásanjọ́ ti wó àwọn tógéètì ìjọba àpapọ̀ ní 2004, kò sẹ́ni tó ń dá ọkọ̀ dúró gbowó ní Tógéètì Ìbàdàn mọ́, síbẹ̀ ibẹ̀ la ṣì ń bọ́ sílẹ̀. Bákan náà ni l'Ọ́tà: kọ̀ndọ́ á pariwo "Tógéètì wà o!", ẹni tó fẹ́ sọ̀ á dáhùn, kò sì sẹ́ni tó máa tọwọ́ bàpò torí owó ọ̀nà. Ti Lẹ́kí tún wá yàtọ̀. Láti alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2020, ẹ dárúkọ tógéètì fún ọ̀dọ́ kan, ìbọn àti àsíá ló máa wá sí i lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ tó ti gbé irú ẹrù báyìí, ẹ má tún di owó ọkọ̀ lé e.

Ní ti "orí ayélujára," ìgbì rédíò ni táàgì, ìyẹn nǹkan kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀, fi ń bá ẹ̀rọ tó wà lókè ọ̀nà sọ̀rọ̀. Ẹni tí dátà rẹ̀ ti tán láti àná náà á kọjá.

"Abánáṣiṣẹ́" ni mo ronú lé jù, torí ẹ̀gbọ́n wa kì í mú ọ̀rọ̀ wá lásán. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí afárá kan l'Ékòó. Mo dé iwájú ọ̀pá, táàgì mi kò dún. Mo sún síwájú díẹ̀, mo sún sẹ́yìn, ọ̀pá kò gbéra. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ họ́ọ̀nù. Ọmọbìnrin tó jókòó sínú àgọ́ kékeré ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yọjú, ó ní, "Dádì, ẹ yọ táàgì yẹn lára gíláàsì, ẹ nà án sókè." Mo yọ ọ́, mo na apá jáde lójú fèrèsé bí ẹni ń tọrọ báárà, mo ń yí i síhìn-ín, mo ń yí i sọ́hùn-ún, títí nǹkan fi dún "píì." Gílóòbù ń tàn lórí ọmọ náà, fáànù ń fẹ́ ẹ, mọ́tò tó ń gbé ọ̀pá ń kùn. Iná wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ọkọ̀ mi ló dúró. Tó bá jẹ́ bíbá iná ṣiṣẹ́ ló sọ nǹkan yìí di ohun tó jẹ́, àgọ́ tí wọ́n ti ń fọwọ́ ka náírà náà yẹ lórúkọ ọ̀hún.

Ibi tí mi ò ní yẹ̀ sí ni "bodè." Ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá sí Mátíù 9:9. Níbo ni Mátíù jókòó sí nígbà tí Jésù ń kọjá? Bodè ni. Ẹ wá ṣí Róòmù 13:7, ẹ ó rí i pé wọ́n ya owó méjì sọ́tọ̀, owó-òde lọ́tọ̀, owó-bodè lọ́tọ̀. Ọ̀kan ni à ń san torí pé abẹ́ ìjọba kan la wà. Èkejì ni à ń san torí pé a gba ibì kan kọjá: jókòó sílé rẹ, o ò jẹ ẹnikẹ́ni ní owó-bodè. Èyí tó tilẹ̀ dùn mọ́ mi jù ni pé telōnion ni Gíríìkì pe ibi tí Mátíù jókòó sí, inú ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè sì gbà pé "toll" ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti "Zoll" ti àwọn ará Jámánì ti ṣẹ̀, tí wọ́n gba inú Látìn wọlé. Ẹni tó ń wá ìtumọ̀ "toll" káàkiri, ó ti pẹ́ tí a ti túmọ̀ rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá kò tilẹ̀ nílò ìwé láti mọ̀ ọ́n. Kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba ìjọba lọ́wọ́ wọn ní 1914, owó-bodè wà lára ohun pàtàkì tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ìlú.

Ẹ̀gbọ́n wa ní aṣọ́bodè ni a ń pe kọ́sítọ́ọ̀mù lóde òní, pé ẹni tó bá rí "owó-bodè" á rò pé ọ̀rọ̀ ìrẹsì Ìdí-Ìrókò ni. Òótọ́ ni. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Jámánì: Zoll ti di ti kọ́sítọ́ọ̀mù, ni wọ́n bá ń pe owó ọ̀nà ní Maut, ọ̀rọ̀ àtijọ́ mìíràn. Àwa náà lè fi "ọ̀nà" kún un níbi tó bá ti rú lójú, ká ní "owó-bodè ọ̀nà." Bẹ́ẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀, "àrìnsan," á là á fúnra rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń san owó ìrẹsì lórí ìrìn. Ẹni tó bá gbé ìrẹsì rìn kọjá níbẹ̀, kò sanwó ni.

Àwọn kan tún ní kò sí bodè lójú ọ̀nà mọ́, kò sí odi, kò sí ìlẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni: Ọ̀nà 407 ní Toronto kò ní ọ̀pá kankan láti 1997. Ẹ̀rọ á ka táàgì, ẹni tí kò bá ní, kámẹ́rà á ya nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀, bíìlì á bá a délé. Ní Jámánì, láti 2005, sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù gbà. Maut ṣì ń jẹ́ Maut. Àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ tó ń gba Ekpè kọjá láti Kùtọnu lọ sí Àjàṣẹ́ ń san péage, ìyẹn owó ọ̀nà lédè Faransé, ẹsẹ̀ sì ni Látìn tó bí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ. Táyà ló ń kọjá, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń dárúkọ, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀yin ẹ jẹ́ kí bodè wa náà rìn.

Ó wá ku "àsankọjá." Mo rò pé mo ti rí wúrà. Ìyàwó mi ló gbọ́ ọ tó ní, "Ṣé owó tí èèyàn san kọjá iye tó yẹ nìyẹn?" Mi ò lè fèsì, torí bó ṣe máa dún létí gbogbo èèyàn nìyẹn. "Àsansílẹ̀" náà kò bá a mu, nítorí Toronto tí mo sọ yìí, ẹ̀yìn tí wọ́n bá kọjá ni bíìlì ń dé. "Àìdúró" ńkọ́? Owó-bodè àìdúró: á dà bí owó tí wọ́n ò ní í yé gbà láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ àwọn awakọ̀ tó máa ní òótọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ alárìnjó ló là mí lójú. Àwọn òṣèré àtijọ́ tó ń ti ìlú bọ́ sí ìlú, wọ́n ń rìn, wọ́n ń jó, ìdí tí a fi pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ tó ń rìn tó ń san, àrìnsan. Ẹ má sọ pé ẹsẹ̀ nìkan ló ń rìn: ọkọ̀ dáadáa la ń pè ní èyí tó ń rìn, ìrìnnà sì la ń pe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lápapọ̀. "Owó-bodè àrìnsan" ni mo fi rọ́pò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ti London, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá wọ àárín ìlú, mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 2003, ní pọ́n-ùn 5 lóòjọ́, èrò wọn ni pé kí ọkọ̀ dín kù láàárín ìlú. Kámẹ́rà ń ka nọ́ńbà lóòótọ́, àmọ́ mo fẹ́ kó ní àpilẹ̀kọ tirẹ̀, "owó súnkẹrẹ-fàkẹrẹ." Ti Singapore láti 1998 yẹ kó tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀, torí iye tí wọ́n ń gbà ń yí pẹ̀lú wákàtí àti bí ọ̀nà ṣe kún tó. Tí ẹnikẹ́ni bá rò pé orúkọ kò ṣe nǹkan kan, kó béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní London. Wọ́n ní owó-òde ni, pé òfin àgbáyé ti yọ aṣojú ìlú kúrò nínú owó-òde, wọn ò san. London ní owó iṣẹ́ tí a ṣe fún wọn ni. Gbèsè náà ti di mílíọ̀nù pọ́n-ùn lórí ohun tó yẹ ká pè é.

Ìlà àkọ́kọ́ tí mo kọ rèé, ẹ bá mi tún un ṣe: "Owó-bodè àrìnsan ni ètò tí ọkọ̀ fi ń san owó ọ̀nà tàbí ti afárá lórí ìrìn, láìna owó sí agbowó, táàgì, nọ́ńbà ọkọ̀ tàbí sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ń dá ọkọ̀ mọ̀. Ìlú Ålesund ní Norway wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó, ní 1987." Telepass ti Italy, E-ZPass ti Amẹ́ríkà àti AutoPASS ti Norway á máa jẹ́ orúkọ wọn lọ, a ò ní sọ wọ́n lórúkọ tuntun. Ẹnìkan ní ká pe táàgì ní oǹtẹ̀. Mo ti fi táàgì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọmọbìnrin inú àgọ́ yẹn pè é nìyẹn, kò sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ ohun tí màá yọ.