Ìbéèrè ìmọ̀ràn: akẹ́kọ̀ọ́ Ṣáínà 80, èmi nìkan. Báwo ni mo ṣe máa darí English Corner?

Ìbéèrè (Akẹ́kọ̀ọ́ ní Wuhan): Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Yunifásítì ní kí n máa darí English Corner, ìpàdé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́rú, aago 7 sí 8:30. Kì í ṣe kíláàsì: kò sí ìwé, kò sí ìdánwò, ẹni tó bá wù ló ń wá. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ tó 80, ọlọ́dún kìíní àti ìkejì ló pọ̀ jù. Wọ́n ti kan àga yàrá náà mọ́lẹ̀ ní ìlà-ìlà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 5 ló máa ràn mí lọ́wọ́. Báwo ni gbogbo wọn ṣe máa sọ̀rọ̀ tí kò fi ní dà bíi pé èmi nìkan ń wàásù? Kí ni kí n ṣe sí àwọn tó ń dákẹ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí.

Tíṣà Àgbà: Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Ìṣẹ́jú 90 lẹ ní. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ tí àwọn tó kù ń gbọ́, kálukú á rí ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀, ìyẹn tí ẹ̀yin ò bá lanu rárá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jókòó ní méjì-méjì fún ogún ìṣẹ́jú, olúkúlùkù á sọ̀rọ̀ fún nǹkan bíi mẹ́wàá. Iṣẹ́ yín ni láti mú kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n máa bá sọ ọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: àjèjì á dúró sáàárín, wọ́n á yí i ká bí ẹni tó ń wo onídán, àwọn mẹ́fà tó láyà á máa bi í pé níbo lo ti wá, ṣé o fẹ́ràn oúnjẹ Ṣáínà, ṣé o lè fi igi méjì jẹun. Àwọn 74 tó kù á wà lẹ́yìn, wọ́n á máa tẹ fóònù. Ní ìta gbangba, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní People's Park ní Shanghai, kò burú, torí ẹni tí agbo kan bá sú á ṣí lọ sí òmíràn. Nínú yàrá tí àga ò ṣeé gbé, kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ ṣí lọ.

Ẹ ra páálí káàdì 2, èyí tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́. Ẹ yọ J, Q, K àti jókà kúrò. Ohun tó kù, A títí dé 10, jẹ́ 80 géérégé. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní pupa 4, dúdú 4, nítorí náà "7 pupa" jẹ́ ẹgbẹ́ kan, "7 dúdú" jẹ́ òmíràn. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin-mẹ́rin lọ́nà 20 nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí kálukú fa ẹyọ kan lẹ́nu ọ̀nà. Káàdì ló pín wọn, kì í ṣe ẹ̀yin, àwọn tó ń gbé yàrá kan náà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ò sì ní lè lẹ̀ mọ́ra. Tí wọ́n bá jọ jókòó, èdè Ṣáínà ni wọ́n á sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ ò lè mọ iye tó máa wá, nítorí náà ẹ má po gbogbo káàdì pọ̀. Ẹ po A dé 5, ẹ pín ìyẹn tán, kí ẹ tó ṣí 6, lẹ́yìn náà 7, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èèyàn 61 bá wá, ẹgbẹ́ kan tàbí méjì péré ni kò ní pé.

Ti àga: àwọn méjì tó wà níwájú á yí padà, wọ́n á kọjú sí àwọn méjì tó wà lẹ́yìn wọn. Ó tán.

Ìyá Tíṣà, Guangzhou: Ẹ ṣeun, Tíṣà Àgbà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìdákẹ́ kún un. Àwọn ọmọ yẹn mọ Gẹ̀ẹ́sì. Láti kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń kọ́ ọ, wọ́n sì ti fi ṣe gaokao, ìdánwò àṣewọlé yunifásítì. Ìwé ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹnu wọn ni kò tíì là. Àwọn fúnra wọn ń pè é ní yǎba Yīngyǔ, Gẹ̀ẹ́sì odi. Ohun tó ń dí wọn lẹ́nu ni miànzi, tó túmọ̀ sí ojú. Ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "ojú tì mí" kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ má ṣe béèrè pé "Ta ló fẹ́ dáhùn?" Ẹ gbé e gba ọ̀nà yìí: ìṣẹ́jú kan kí kálukú kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sórí ìwé, láìsọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta fún méjì-méjì, ìṣẹ́jú mẹ́fà fún ẹni mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni kí ẹnì kan dìde sọ ohun tí *ẹlòmíì* sọ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ náà bá wọ́, kì í ṣe ojú tirẹ̀ ló máa tì. Ẹ má fo ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn, torí ẹni tó ti rí ọ̀rọ̀ márùn-ún lórí ìwé kò ní sọ pé òun ò ní nǹkan sọ.

Ẹ má tún ẹnikẹ́ni ṣe lójú àwùjọ. Ẹ kọ àṣìṣe tí ẹ gbọ́ sínú ìwé kékeré, kí ẹ kọ mẹ́ta péré sára bọ́ọ̀dù ní ìparí, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ìbàdàn ní Chengdu: Ní ti àṣìṣe, ẹ múra sílẹ̀ fún *he* àti *she*. Ní ẹnu, tā ni méjèèjì lédè wọn, bí "ó" tiwa gan-an. L àti N náà máa ń dàrú lẹ́nu àwọn ará Sichuan, Hunan àti Hubei tí ẹ wà yẹn: *night* á di *light*. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwa tí "ní ọwọ́" di "lọ́wọ́" lẹ́nu wa! Wọ́n tún máa ń fi fáwẹ̀lì kún ìparí ọ̀rọ̀, bí a ṣe sọ *bread* di búrẹ́dì. Bí ọ̀rọ̀ bá ti yé ẹnìkejì, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Àgbà: Òótọ́ ni.

Bọ̀dá Oníkókó: Ibi tí ọ̀pọ̀ ìjókòó ti ń kú ni ìbéèrè. "Ṣé o fẹ́ràn oúnjẹ ìlú rẹ?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Ẹ fún wọn ní ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fẹnu kò lé lórí:

Àlejò kan ní wákàtí 24 àti 200 yuan ní ìlú yín. Kí ni kó jẹ, níbo ni kó má dé? Tàbí: ẹni mẹ́fà ń gbé yàrá kan, ọ̀kan ń hanrun, ọ̀kan kì í paná. Ẹ ṣe òfin márùn-ún fún wọn.

Ní Wuhan, ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé règānmiàn, núdù ìlú wọn, fún ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí, láìdárúkọ rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń bọ núdù náà, bí òróró rẹ̀ ṣe ń rí, bí wọ́n ṣe ń da yánmọtí lílọ̀ lé e tí á fi lẹ̀ mọ́ra, àti bí wọ́n ṣe ń rò ó kíákíá kó tó gan. Ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́wàá á jáde láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Kókó kan tó fún ìrọ̀lẹ́ kan, pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta.

Ẹ yẹra fún òṣèlú wọn. Ẹ má sì wàásù ẹ̀sìn rárá, òfin ibẹ̀ kò gbà kí àjèjì máa wàásù ẹ̀sìn fún wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní Wuhan: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ariwo ńkọ́? Àti pé ṣé kí n ka èdè Ṣáínà léèwọ̀?

Ìyá Tíṣà, Guangzhou: Ẹ má pariwo bá ariwo, ohùn yín á há. Ẹ gbé ọwọ́ sókè kí ẹ dákẹ́. Ẹni tó bá rí yín á gbé tirẹ̀ sókè, á sì dákẹ́. Ẹ kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ márààrún ṣáájú, kí wọ́n tò káàkiri, ẹnì kan fún ẹgbẹ́ mẹ́rin. Èèwọ̀ ò pọn dandan. Tí wọn ò bá mọ ọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n sọ ọ́ lédè tiwọn, kí ẹlòmíì túmọ̀ rẹ̀.

Bọ̀dá Oníkókó: Èmi ò fara mọ́ ìyẹn tán, Ìyá Tíṣà. Ọ̀rọ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá di gbólóhùn mẹ́ta, kí olùrànlọ́wọ́ jókòó tì wọ́n.

Tíṣà Àgbà: Ohun méjì ló kù. Bí CET-4, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ṣáínà, bá ń bọ̀ ní oṣù kẹfà àti oṣù kejìlá, yàrá á dá páropáro, ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ fà á: ìdánwò àfẹnusọ rẹ̀ wà lọ́tọ̀, inú ìwé ni wọ́n ń sá lọ. Ẹ dín ẹgbẹ́ kù sí mẹ́wàá nígbà náà. Èkejì: bí yunifásítì bá fẹ́ fún yín lówó, ẹ lọ sí ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì kí ẹ tó gbà á, torí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gba iṣẹ́ owó láìgbàṣẹ. Ẹ sì dá ìjókòó dúró ní 8:20. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni àwọn tó dákẹ́ látàárọ̀ máa fi tọ̀ yín wá.