Ẹ̀rọ ìfọṣọ mi kò da omi nù mọ́: ṣé kí n tún un ṣe fúnra mi ni, àbí kí n ra òmíràn?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wa, èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú, ń fọ aṣọ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá tó àkókò tí ó yẹ kí ó da omi ìdọ̀tí nù, yóò kàn máa kùn ni, omi kò ní jáde. Ẹni tí mo pè wá wò ó ní ẹ̀rọ náà ti kú, kí n lọ ra tuntun, bẹ́ẹ̀ kò tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lára rẹ̀. Mo fẹ́ fojú ara mi wo inú rẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí sì ni kò yẹ kí n fọwọ́ kàn rárá?

Èsì kìíní
Àbúrò mi, má tíì náwó. Bí ó ṣe ń kùn yẹn fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí iná máa dé ọ̀dọ̀ páǹpù tí ń fa omi jáde, àmọ́ kí nǹkan ti há sí i lẹ́nu. Yọ ọ́ kúrò lára iná, kí o sì ti ẹnu ẹ̀rọ omi. Wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ níwájú. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìdérí kékeré kan wà níbẹ̀ tí asẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbé abọ́ pẹlẹbẹ síbẹ̀, kí o sì máa tú asẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, nítorí gbogbo omi tó kù nínú ẹ̀rọ ni yóò gba ibẹ̀ jáde. Bí ó bá ṣì gbóná, dúró kí ó tutù. Owó wẹ́wẹ́, bọ́tìnnì, píìnì irun àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ni a sábà máa ń bá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà, kí o fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí abẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá yí geere, tó ń fò díẹ̀díẹ̀, má bẹ̀rù, mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ló ń fà á bẹ́ẹ̀. Irun tàbí òwú tó bá wé mọ́ ọn ni kí o yọ. Wo rọ́bà tí omi ń gbà jáde náà, bóyá ó ti ká.

Èsì kejì
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dáadáa. Ní ti ohun tí kò yẹ ká fọwọ́ kàn nínú àwọn ẹ̀rọ ilé lápapọ̀, máíkírówéèfù ni mo fi ṣáájú: kàpásítọ̀ inú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́, máa ń gba iná tó lé ní 2,000 fólítì, iná náà sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ó ń pa ènìyàn. Páìpù gáàsì fíríìjì náà, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n eruku tó bo ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí rọ́bà etí ilẹ̀kùn tí kò lẹ̀ dáadáa mọ́, iṣẹ́ onílé ni.

Èsì kẹta
Bí páǹpù náà bá ti jó lóòótọ́, òun nìkan ni kí o pààrọ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2021 ní kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ máa pèsè ẹ̀yà ara rẹ̀ fún ó kéré tán ọdún 10 lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ tó kẹ́yìn wá sọ́jà, nítorí náà mi ò gbà pé páǹpù lásán tó ìdí láti sọ odindi ẹ̀rọ nù. Èmi yóò ronú nípa tuntun bí ẹ̀rọ tó ti gbó bá ń bú ramúramù nígbà tó bá ń yí aṣọ gbẹ, nítorí bíárìn rẹ̀, ìyẹn irin róbótó tí agbada aṣọ inú rẹ̀ ń yí lé lórí, ló sábà máa ń jẹ́, àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tí wọ́n ti lẹ inú wọn pa débi pé kò ṣeé tú. Kọ nọ́ńbà tó wà létí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí o tó béèrè páǹpù, kí o sì ya fọ́tò àwọn wáyà rẹ̀ kí o tó yọ wọ́n.