Ọjọ́ kan péré ní Charleston: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ará Lágere
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n ń rán mi láti Ifẹ̀ níbí lọ sí ìpàdé kan ní Charleston, South Carolina. Sátidé nìkan ló ṣófo lọ́wọ́ mi, n kò sì ní wa mọ́tò. Ibi tí wọ́n ti ń já àwọn èèyàn wa sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ló jẹ mí lógún jù. Báwo ni kí n ṣe tò ó tí ilẹ̀ ò fi ní ṣú mọ́ mi? Ṣé mo lè yọjú sí Ọ̀yọ́túnjí, abúlé tí wọ́n tẹ̀ dó níbẹ̀ ní ìlànà Yorùbá, náà?

Ọmọ Ẹnuwá
Àárín odò méjì, Ashley àti Cooper, ni ìlú náà há sí. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ yín tó o rìn. Gadsden's Wharf létí Cooper ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù. Èbúté yẹn gan-an ni wọ́n ti ń já ẹrú. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ International African American Museum sí, wọ́n ṣí i ní oṣù Kẹfà 2023. Òpó 18 ló gbé ilé náà sókè, kò fara kan ilẹ̀ èbúté náà rárá.

Ẹ má tíì gòkè. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ ná: àwòrán èèyàn ló wà nílẹ̀, tí wọ́n tò gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n sínú ọkọ̀. Omi á bò wọ́n, á tún fà. Ọ̀fẹ́ nibẹ̀ yẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì òkè ní wákàtí tirẹ̀, ẹ ti ra ti àárọ̀ kùtù lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé.

Láti ibẹ̀, ẹ gba City Market kọjá lọ sí nọ́ńbà 6, Chalmers Street, ní Old Slave Mart, ilé tí wọ́n ti ń ta ẹrú tẹ́lẹ̀, tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Lọ́dún 1856 ni ìjọba ìlú fòfin de títa èèyàn ní gbangba, làwọn oníṣòwò bá kó ọjà wọn wọlé. Wọn kì í ṣí i lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Atukọ̀
Ẹ fi ọkọ̀ ojú omi lọ sí Fort Sumter, odi ogun tó wà láàárín omi, kún un. Ibẹ̀ ni ogun abẹ́lé wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, 1861. Liberty Square ni ẹ ti máa wọkọ̀, kò jìnnà sí Gadsden's Wharf. Lójú omi lẹ ti máa rí Sullivan's Island, níbi tí wọ́n ti ń sé àwọn ẹrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mọ́ nítorí àrùn.

Ọmọ Ẹnuwá
Ó dáa, àmọ́ àlọ àti àbọ̀ ẹ̀ lé ní wákàtí méjì. Ẹni tó ní ọjọ́ kan ṣoṣo, èmi ò ní gbà á nímọ̀ràn ẹ̀.

Ìyá Ìlódè
Ọmọ mi, kánfáàsì ni kó o wọ̀. Òkúta kùǹgbákuǹgba ni Chalmers Street. Kó o sì yẹ wákàtí tí omi òkun máa kún wò. Bó bá ti ń sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà méje, pàápàá nígbà tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ rokoṣo, omi á gba inú gọ́tà yọ sí títì láìjẹ́ pé òjò rọ̀. Agbègbè ọjà ló máa ń mù ún jù, torí odò kékeré tí wọ́n dí ni apá ibẹ̀.

Àwọn Gullah, àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú etíkun ibẹ̀, ló ń hun agbọ̀n koríko tó o máa rí lọ́jà. Wò wọ́n lọ́wọ́: wọ́n á ká koríko bí òṣùká, wọ́n á fi ọwọ́ ṣíbí tí wọ́n lù pẹlẹbẹ dá a lu, wọ́n á wá fi ewé ọ̀pẹ rán an. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni, má ná an bí ọjà Odò-Ògbè. Tọrọ àyè kó o tó yà wọ́n ní fọ́tò.

Ìrẹsì pupa wọn, àbúrò jọ̀lọ́ọ̀fù ni. Iye tí wọ́n kọ síwájú oúnjẹ kọ́ lo máa san o: owó orí á gùn ún, wàá sì fún ẹni tó gbé e wá ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún owó náà.

Atukọ̀
Ti Ọ̀yọ́túnjí: ìtòsí Sheldon ló wà, ó lé ní wákàtí kan nínú mọ́tò, bọ́ọ̀sì ìlú ò sì débẹ̀. Ọdún 1970 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Ifẹ̀ yìí sì ni Ọọ̀ni Ṣíjúwadé ti fi ọba wọn àkọ́kọ́ jẹ oyè ní 1981. Kò bá Sátidé yẹn mu. Bí wọ́n bá lè fi ọjọ́ kan kún ìrìn àjò yín, ẹ háyà mọ́tò pẹ̀lú awakọ̀, kí ẹ sì pè wọ́n ṣáájú.