Grep kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó wà nínú fáìlì mi

Atúmọ̀ béèrè pé:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe, mo sì ti fi dict àti dictd (ètò tí a fi ń wo ìwé atúmọ̀ èdè) àti dict-gcide (ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì) sí kọ̀ǹpútà Debian mi, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí mo bá ti tẹ «dict» àti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ní tẹ́mínà, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò jáde, íntánẹ́ẹ̀tì ì báà wà, ì báà má sí. Ti Yorùbá ni ó ń dà mí láàmú. Ó pẹ́ tí mo ti ń kó ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ wọn jọ sínú oro.txt, nígbà mìíràn láti orí kọ̀ǹpútà, nígbà mìíràn láti orí fóònù. Lánàá, mo lo grep, àṣẹ tí ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì: mo tẹ «grep ọkọ̀ oro.txt», kò mú ohunkóhun wá, bẹ́ẹ̀ mo ń fi ojú ara mi rí ọ̀rọ̀ náà nínú fáìlì. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó fà á?

Ìdáhùn kìíní:
Báìtì, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ni grep ń wò, kì í ṣe ohun tí ojú rí. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ ọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ tí a fi àmì ohùn lé lórí, kí òmíràn kọ lẹ́tà kan náà gẹ́gẹ́ bí ò tí a fi àmì sí lábẹ́. Ẹ tẹ «printf ọkọ̀ | xxd -g1» kí ẹ lè rí báìtì rẹ̀: ti àkọ́kọ́ yóò parí sí e1 bb 8d cc 80, ti èkejì sí c3 b2 cc a3. Uconv, ètò tí ó wà nínú àkójọ icu-devtools, ni yóò sọ méjèèjì di ọ̀kan, ní ìlànà ìkọ tí a ń pè ní NFC:

uconv -x any-nfc oro.txt > oro-nfc.txt

Ẹ má ṣe darí èsì rẹ̀ padà sínú oro.txt, nítorí ṣẹ́ẹ̀lì yóò ti nu fáìlì náà kí uconv tó kà á. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá pàápàá gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà kan náà kọjá.

Ìdáhùn kejì:
Òótọ́ ni. Àwọn kan yóò ní kí ẹ kúkú yọ gbogbo àmì kúrò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é sí ojúlówó fáìlì yín. Ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù yóò dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Bí ẹ bá fẹ́ máa wá ọ̀rọ̀ láìtẹ àmì ohùn, ẹ ṣe ẹ̀dà (NFD yóò ya àmì kúrò lára lẹ́tà, Remove yóò yọ àmì ohùn, NFC yóò sì tún èyí tó kù pa pọ̀):

uconv -x 'NFD; [\u0300\u0301] Remove; NFC' oro-nfc.txt > lasan.txt

Lẹ́yìn náà, ẹ fi «paste lasan.txt oro-nfc.txt» tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ máa wá ọ̀rọ̀ ní apá òsì, kí ẹ sì máa kà á ní apá ọ̀tún.

Atúmọ̀:
Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn ìlà tí mo fi fóònù tẹ ni c3 b2 wà nínú wọn. Ọkọ̀ ti jáde báyìí.