Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kátólíìkì l'Adó-Èkìtì, kí la máa wò ká tó sanwó?

ÌyáTọ́mi
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ kan. Wọ́n ti gbé ọkọ mi wá s'Adó láti Ìlọrin, a ti rílé sápá Básírì, ó wá ku ilé ìwé àwọn ọmọ. Ọ̀kan ń lọ Primary 1, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń lọ Primary 3. Ilé ìwé Kátólíìkì kan wà tí ò jìnnà sí wa, ìyá ọkọ mi sì ti fárí gá pé ibẹ̀ náà ni kí wọ́n lọ, pé ọmọ tó bá lọ ilé ìwé àwọn Fada kì í ya ìpáǹle. Èmi ò ní nǹkan kan sí wọn o, àmọ́ CAC la wà, alábàágbé wa kan sì ti ń dẹ́rù bà mí pé kọ́dún tó yípo àwọn ọmọ á ti máa ka rósárì káàkiri pálọ̀ fún mi.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọgbà mọ́ tónítóní, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé, ère Màríà wà lẹ́nu géètì, obìnrin tó wà ní ọ́físì rẹ́rìn-ín sí mi dáadáa ó sì fún mi níwèé owó. Ohun tí mo rí ò ju ìyẹn lọ. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ilé ìwé dáa lóòótọ́? Kí ni kí n béèrè? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bú ilé ìwé kankan ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dárúkọ, mi ò wájà.

Tíṣà_Tẹ́lẹ̀
Ẹ káàbọ̀ s'Adó ma. Mo jẹun nídìí ṣọ́ọ̀kì nílé ìwé Kátólíìkì kí n tó lọ wáṣẹ́ míì ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ín ná. Ní Èkìtì níbí, pé wọ́n kọ Saint sára bọ́ọ̀dù ò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Ilé ìwé àtijọ́ tó pọ̀ jù, míṣọ́ọ̀nù ló kọ́ wọn, kódà kí Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, àmọ́ nígbà tó di àwọn ọdún 1970, ìjọba gbà wọ́n lọ́wọ́ ìjọ, orúkọ nìkan ni wọn ò gbà. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ máa fi rí St. lágbájá tàbí R.C.M. (Roman Catholic Mission) gàdàgbà lára ògiri, tí gbogbo tíṣà ibẹ̀ sì jẹ́ ti ìjọba, SUBEB, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló ń gbé wọn kiri, Fada ò sì láṣẹ kankan níbẹ̀ ju pé ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ wà lódìkejì ọ̀nà. Èyí tó jẹ́ ti Kátólíìkì gan-an tí wọ́n ń sanwó níbẹ̀, àwọn náà ò rí bákan náà. Òmíì ti páríìṣì ni, òmíì ti dáyósíìsì lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù, òmíì ti àwọn Sísítà, òmíì sì wà tó jẹ́ ọmọ ìjọ kan ló fowó ara ẹ̀ dá a sílẹ̀ tó wá fi orúkọ ẹni mímọ́ pè é, kò sí Fada kankan nídìí ẹ̀. Ẹ bi wọ́n láìtijú: ta ló ń yan H.M., ìyẹn ọ̀gá ilé ìwé? Ta ló ń sanwó fáwọn tíṣà? Tọ́rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ tí H.M. ò dá mi lóhùn, ọ̀dọ̀ ta ni mo máa lọ? Tí wọn ò bá rí ìdáhùn fún ìbéèrè kẹta yẹn, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ wà. Kẹ́ ẹ sì béèrè ìwé àṣẹ Ministry of Education lọ́wọ́ wọn.

Ohun kejì tí mo fẹ́ sọ lèyí tó ká mi lára jù. Ẹ má lọ wo ilé ìwé láàárọ̀ nígbà tí wọ́n bá tò sórí ìlà tí wọ́n ń kọrin, gbogbo ilé ìwé ló dáa ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ lọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré, kẹ́ ẹ wo ta ló ń ṣọ́ wọn, kẹ́ ẹ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ (kì í ṣe ti àwọn tíṣà o), kẹ́ ẹ wò ó bóyá omi wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ rí ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ Primary 3. Kì í ṣe èyí tí wọ́n bá lọ mú jáde fún yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa nawọ́ mú un láàárín àwọn ìwé tó wà lórí tábìlì.

Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀? Ìṣirò. Mo ti rí ìwé ọmọ kan nílé ìwé kan tó gbayì, ọmọ yẹn kọ 43 − 17, ó ní 34, tíṣà sì fi bírò pupa máàkì ẹ̀ pé ó gbà, ó tún kọ "Good" sábẹ́ ẹ̀. Ohun tí ọmọ yẹn ṣe ni pé ó rí i pé 7 ò ṣeé yọ kúrò nínú 3, ló bá yí i po, ó yọ 3 kúrò nínú 7, ó kọ 4, ó yọ 1 kúrò nínú 4, ó kọ 3. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yá mẹ́wàá lọ́wọ́ nọ́ńbà tó wà lápá òsì. Mo ṣíwèé náà síwájú, bó ṣe ń ṣe gbogbo ẹ̀ nìyẹn, máàkì pupa sì kún inú ẹ̀. Òbí ọmọ yẹn ń sanwó o! Wọ́n á máa rò pé ọmọ àwọn mọ̀wé. Kẹ́ ẹ tún ṣí ìwé kọ́ḿpósíṣọ̀nù ọmọ mẹ́ta mẹ́rin. Tí "My Mother" gbogbo wọn bá jọra bí ìbejì, tó jẹ́ pé gbogbo ìyá ló pupa tí gbogbo wọn sì ń ta aṣọ, ojú bọ́ọ̀dù ni wọ́n ti dà á kọ.

Ẹ sì béèrè iye tíṣà tó kúrò láàárín ọdún tó kọjá, àti iye tó ní NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, torí NCE ni ìjọba ní ẹni tó bá máa kọ́ọ̀yàn gbọ́dọ̀ ní, ó kéré jù. Ilé ìwé tó jẹ́ pé kópà ló ń di gbogbo àlàfo, tí kópà bá ti kó ẹrù ẹ̀ lọ, kíláàsì ọmọ yín á wà láìní tíṣà títí wọ́n á fi rí òmíì.

BàbáÀnífá
Ẹ̀gbọ́n tíṣà ti sọ̀rọ̀. Ìyàwó wa, ẹ̀rù ẹ̀sìn tí wọ́n ń dà bò yín yẹn ni mo fẹ́ dá sí. Mùsùlùmí ni mí, ọmọ mi méjì ló jáde nílé ìwé Kátólíìkì, wọ́n ṣì ń kírun títí dòní.

Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀sìn wà níbẹ̀ dáadáa. Tó bá di aago méjìlá ọ̀sán wọ́n á lu agogo, gbogbo ọmọ á dìde dúró síbi tí wọ́n bá wà, ẹni tó ń kọ̀wé á sọ bírò sílẹ̀, wọ́n á ka àdúrà Angelus tán kí wọ́n tó jókòó. October jẹ́ oṣù rósárì fún wọn. Wọ́n máa ń ní Míísà lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí lóṣooṣù, ó dá lórí ilé ìwé. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú Eléérú, ọmọbìnrin mi wọlé pẹ̀lú eérú níwájú orí, ìyá mi tó wá kí wa láti Ìkọ̀lé fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Ọmọ náà ní òun kàn tò síbi táwọn ọ̀rẹ́ òun tò sí ni.

Ọjọ́ kejì mo lọ bá H.M., mi ò pariwo, mo mú lẹ́tà lọ. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọmọ mi lè jókòó jẹ́ẹ́ níbi àdúrà, àmọ́ mi ò fẹ́ eérú, mi ò sì fẹ́ kátíkísìmù, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Kátólíìkì. Wọ́n gbà, wọ́n sì fi lẹ́tà náà sínú fáìlì. Òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 38, sọ ọ́ kedere pé wọn ò lè fipá mú akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìsìn tàbí kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tiẹ̀ tàbí tí òbí ẹ̀ ò fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi òfin bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ o, ẹ béèrè pẹ̀sẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó: "Ọmọ tí kì í ṣe Kátólíìkì, kí ló máa ń ṣe nígbà Míísà?" Ojú tí wọ́n bá fi dá yín lóhùn ti tó. Ọmọbìnrin mi mọ Hail Mary dórí o, ó sì mọ Fátíhà. Kò dà á láàmú.

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́
Ìwé owó tí wọ́n fún yín yẹn kì í ṣe gbogbo owó o. Ẹ béèrè ti PTA, ti lẹ́sìnnì, ti kọ̀ǹpútà, ti ìwé, ti "development levy", ti aṣọ eré ìdárayá, ti owó tí wọ́n á dá fún ọjọ́ ẹni mímọ́ tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ilé ìwé, àti àpòòwé ìkórè tí wọ́n á kó fáwọn ọmọ gbé wálé, tí ọmọ yín á sì máa sunkún pé ti àwọn yòókù ti padà. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo owó ọdún kan sórí ìwé kan fún yín. Tí wọ́n bá ní "a máa sọ fún yín bó bá yá," ẹ yáa máa fi nǹkan lé e látilé.

ÌyáTọ́mi
Ha, ẹ ṣeun gan-an o, Ọlọ́run á bá yín wo tiyín. Àpòòwé yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, CAC náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ jàre. Ó ku nǹkan kan: obìnrin ọ́físì yẹn ń fi yangàn pé àwọn ọmọ àwọn kì í dé Primary 6, láti Primary 5 ni wọ́n ti ń wọ JSS 1. Ṣé ohun tó dáa nìyẹn?

Ìyá_Ìbejì_Páríìṣì
Àwa òbí la fà á o, torí à ń kánjú. Ọmọ tó bá fo Primary 6, ibi tí wọ́n á ti fi gbogbo ìṣirò ìdá àti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún múlẹ̀ ló fò yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi fò ó níbòmíì, èkejì dúró, torí ara ẹ̀ ò yá lọ́dún yẹn. Èyí tó dúró ló ń kọ́ èkejì ní Maths báyìí. Ẹ béèrè bóyá Primary 6 wà lóòótọ́ tí ọmọ ẹ̀ sì pọ̀ tó kíláàsì, tó bá jẹ́ ọmọ mẹ́ta ló jókòó síbẹ̀ wọn ò ní í ráyè tiwọn.

Ọmọ ìjọ ni mí, St. Patrick's níbí ni mò ń lọ, ẹ jẹ́ n sọ èyí tí àwa ará ilé mọ̀ táwọn ará ìta ò mọ̀. Wọ́n máa ń gbé Fada àti Sísítà kúrò. Ẹ lè torí Sísítà kan tó mọ̀ṣẹ́ mú ọmọ lọ síbẹ̀, tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ, tó máa ń dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀, lẹ́tà kan á dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ẹ̀, ó di ìlú míì. Ẹni tó máa dé lẹ́yìn ẹ̀ lè dáa jù bẹ́ẹ̀, ó sì lè má mọ̀ ju kó máa kó owó jọ kọ́lé lọ. Nítorí náà Sísítà kọ́ lẹ máa wò. Ẹ wo igbákejì H.M. àtàwọn tíṣà tó ti pẹ́, àwọn tí wọn kì í gbé kiri. Tó bá jẹ́ pé àǹtí Primary 1 ti wà níbẹ̀ tipẹ́, tí ọmọ òun náà sì ń lọ síbẹ̀, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀.

Ti ìrìbọmi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Òfin ìjọ wa ò jẹ́ kí Fada ṣèrìbọmi fún ọmọdé láìsí pé bàbá tàbí ìyá ẹ̀ fọwọ́ sí i, àfi tí ọmọ bá fẹ́ kú. Ẹni tí ò bá sì ṣèrìbọmi ò lè gba Kọmúníọ̀nù. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bá fẹ́ gba First Communion, tí wọ́n ń rán aṣọ funfun, ọmọ yín á fẹ́ ṣe tiẹ̀. Èyí tó ń lọ Primary 3 yẹn ti súnmọ́ ọn. Ẹ tètè bá a sọ̀rọ̀ nílé.

Kẹ́ ẹ sì béèrè ọ̀rọ̀ èdè! Nílé ìwé kan tí mo kó ọmọ kúrò, wọ́n fi páálí kọ́ ọmọ mi lọ́rùn pé ó sọ "vernacular", ohun tó sọ ò ju pé òun fẹ́ lọ sí "ulé" lọ. Ọmọ Èkìtì nÈkìtì! Láti ọjọ́ yẹn kì í dá ìyá mi lóhùn mọ́ tó bá fi Èkìtì bá a sọ̀rọ̀, Òyìnbó ló fi ń fèsì. Inú bí mi. Ẹ bi wọ́n ní tààrà pé kí ni ìyà ọmọ tó bá sọ Yorùbá, àti pé ta ló láṣẹ láti mú pàṣán.

Awakọ̀_Ìyìn_Road
Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí báàsì máa gbé wọn, ẹ mọ awakọ̀ àti ọ̀nà tó ń gbà. Gbogbo wa rántí ti Emùré ní January 2024, tí àwọn ajínigbé dá báàsì ilé ìwé dúró, tí wọ́n kó ọmọ àti tíṣà lọ, a ò sùn títí wọ́n fi tú àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Láti Básírì ẹsẹ̀ lè débẹ̀, tẹ́ ẹ bá ráyè ẹ fẹsẹ̀ sìn wọ́n.

ÌyáTọ́mi
Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú ni mò ń padà lọ, nígbà ìṣeré. Ẹ̀gbọ́n tíṣà, wọ́n ní wọ́n máa fún èyí tó ń lọ Primary 3 nídánwò àwọlé, ṣé kí n wá ẹni tó máa fún un ní lẹ́sìnnì kó tó lọ?

Tíṣà_Tẹ́lẹ̀
Ẹ má wá ẹnì kankan ma. Ẹ jẹ́ kó ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n. Tó bá parí, ẹ ní kí wọ́n fún yín níwèé ìdánwò náà kẹ́ ẹ rí bí wọ́n ṣe máàkì ẹ̀, ẹ sì bi tíṣà tó máàkì ẹ̀ pé níbo ló ti rí i pé ọmọ náà kù díẹ̀ káàtó. Tó bá lè fọwọ́ tọ́ka síbẹ̀ fún yín, ẹ gba fọ́ọ̀mù. Tó bá kàn ní "ó gbìyànjú, ó gbìyànjú," ẹ kí wọn pé ẹ̀ ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì gba ọ̀nà ilé ìwé kejì lọ.